Ojú Ẹsẹ̀ Àga Bàbá Nínú Omi

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì

Adákẹ́wòye, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ kò pa ọ́ lára jù? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Èmi wà, ilé náà wà. Orúnkún mi ọ̀tún ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi dé ibi tí mo bá rán an.

Lẹ́tà rẹ ìkẹyìn ti dé kí ọdún tó yí. Mo mọ̀ pé o kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, láti kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló yẹ kó máa kọ̀wé, àbí kí la fẹ́ fi ìwé ṣe? Aránṣọ ará ilé kejì bi mí léèrè rẹ, mo ní ara rẹ le koko. Irọ́ ni mo pa, torí mi ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dìde. Púùlù bàbá rẹ ni, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn mọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi wá sílẹ̀, mo kàn máa ń fi ẹ̀rọ fa omi kànga sí i ni nígbà tó bá ti fà, mi ò wojú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo wò ó, àyà mi sì já. Èépá funfun ti yí etí rẹ̀ po, ó rí bí ẹnu ọmọ tó mu mílíìkì tí kò nu ẹnu, ó sì le bí egungun. Àwọn táìlì tí bàbá rẹ ṣà jọ láti ibi iṣẹ́ bíríkìlà wọn gbogbo, èèyàn ò rí àwọ̀ wọn mọ́. Àbàwọ́n pupa rúsúrúsú sì tún wà nísàlẹ̀. Aránṣọ yọjú lórí ọgbà, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká bá yín ra yanrìn, ká dí ihò yìí, kí ẹ gbin nǹkan sí i." Mo ní, "O ṣeun. Ihò etí rẹ ni kó o kọ́kọ́ dí, kó o lè yéé gbọ́ ohun tí ẹnì kan ò bá ọ sọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ìwọ tó o ń fọ púùlù onípúùlù níbẹ̀ yẹn, sọ fún mi: kí ni wọ́n fi ń ṣí èépá yìí? Kí ni wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n pupa? Kọ ọ́ kó yé mi, bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Mo fẹ́ kó mọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Má bi mí pé kí ló dé.

Èmi ni, ìyá rẹ tí kò gbàgbé rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àdánìkangbé. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìka mi á ti hun jọ nítorí oògùn omi tí mo fi ń fọ púùlù, kálàmù kì í fẹ́ dúró lọ́wọ́ mi. Ara mi le. Irọ́ tí ẹ pa fún Aránṣọ ti di òótọ́.

Èépá yẹn kì í ṣe àjèjì sí yín, Màmá. Òun náà ló wà nínú kẹ́túlù wa, tó máa ń já sínú tíì tí Bàbá á fi ní ìyẹ̀fun òkúta lẹ fi bọ́ wọn. Omi kànga wa gbé ẹfun wá láti abẹ́ ilẹ̀. Oòrùn á fa omi lọ, kò ní lè fa ẹfun, ẹfun á wá jókòó sétí. Bí ẹ ṣe ń fa omi kún un, ẹfun náà lẹ̀ ń fà kún un.

Ẹ jẹ́ kí omi fà sísàlẹ̀ díẹ̀, kí etí ọ̀hún gbẹ. Ẹ kán fínígà sí èépá náà, kí ẹ tẹ́tí. Bó bá hó ṣìì, ó rọ̀ nìyẹn: fínígà tí ẹ fi omi là, búrọ́ọ̀ṣì tí kì í ṣe onírin, àti sùúrù. Ibi tí kò bá hó rárá ti di òkúta. Òkúta fúyẹ́fúyẹ́ tí ẹ fi ń ha gìgísẹ̀ ni kí ẹ rẹ sínú omi, kí ẹ fi máa ha á jẹ́jẹ́. Ẹ má lo kànìnkànìn onírin. Á já wẹ́wẹ́ sínú omi, á dógùn-ún, àbàwọ́n tuntun nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ásíìdì fún yín. Èmi tí mo ń fi ṣiṣẹ́, ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí n súnmọ́ ọn láìwọ ìbọ̀wọ́ àti awò.

Ti pupa, irin ló fà á. Ẹ ra fítámínì C oníhóró, èyí tó funfun. Ẹ tẹ hóró kan mọ́ àbàwọ́n náà lábẹ́ omi, ẹ dì í mú títí ọwọ́ á fi fẹ́ ro yín. Bí ibẹ̀ bá mọ́, irin ni lóòótọ́. Ẹ wá lọ ìyókù kúnná, ẹ dà á sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́, ẹ so ó, ẹ gbé e lé ibi tó kù.

Mo ń kọ eléyìí, àwọn táìlì yẹn ló ń wá sí mi lójú. Búlúù láti ilé dókítà, aláwọ̀ ewé láti ilé ìwé, àti àwọn tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí bọ́tà, tí Bàbá kọ̀ láti sọ ibi tí wọ́n ti rí wọn. Ilé olówó ni púùlù wà níbí, táìlì wọn sì bára mu látòkè délẹ̀. Mi ò tíì rí èyí tó wù mí bíi tiwa.

Ẹ ní kí n má béèrè. Mi ò ní béèrè, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé mo ń wò.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ keje, oṣù Kẹta

Adákẹ́wòye,

O káre. Ó hó ṣìì! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sá. Etí gbogbo ló hó, àfi igun tó kọjú sí ilé ìdáná. Ibẹ̀ ti ya òkúta, òkúta gìgísẹ̀ mi ni mo sì fi ń bá a jà. Ìdí ń ro mí, ẹ̀yìn ń ro mí, ṣùgbọ́n táìlì dókítà ti jáde, ó ń tàn yanran.

Jẹ́ kí n sọ ti kẹ́míìsì fún ọ. Mo ní kí ọ̀gbẹ́ni náà fún mi ní fítámínì C, páálí méjì. Ó ní, "Màmá, ta ni ara rẹ̀ ò yá?" Mo ní púùlù ni. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mélòó lójúmọ́ ni dókítà ní kó máa lò ó?" Mo ní, "Ọmọ mi ló kọ ọ́ fún un. Ó ní inú ìbọ̀sẹ̀ ni kó ti máa lò ó." Páálí kan péré ló tà fún mi. Mo rò pé orí mi ló ń yẹ̀ wò.

Mo jókòó sétí omi, mo na ọwọ́ sórí àtẹ̀gùn kejì, mo tẹ hóró kan mọ́ ojú ẹsẹ̀ àga onírin bàbá rẹ, èyí tó wà lápá òsì lẹ́yìn. Ìwọ ọmọ yìí! Ó mọ́ bí ìgbà tí kùrukùru ká. Hóró náà gan-an ló wá pọ́n sí mi lọ́wọ́. Ó ku ojú mẹ́ta. Bí kẹ́míìsì bá ti gbà pé orí mi pé, màá ra páálí kejì, màá sì parí rẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta

Màmá mi,

Mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, bí lẹ́tà yìí bá bá hóró kankan lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ẹ kọ àbàwọ́n pupa, mo rò pé búlọ́ọ̀kì tàbí ìṣó kan ló jábọ́ sínú omi. Mi ò mọ̀ pé ojú ẹsẹ̀ àga Bàbá ni. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní kọ ọ̀nà rẹ̀ fún yín.

Mo ṣì rí wọn, Màmá. Wọ́n á ti ibi iṣẹ́ dé, sìmẹ́ńtì á wà nínú irun wọn. Wọ́n á gbé àga onírin wọn wọnú omi, wọ́n á gbé e ka orí àtẹ̀gùn kejì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mọ kó fẹ̀ bí ibùsùn, wọ́n á jókòó, omi á dé ibi bẹ́líìtì wọn. Wọ́n á ní, "Haa. Ẹ̀yìn mi ti padà wálé." Rédíò á wà létí, èmi á wà lójú fèrèsé ilé ìdáná pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá mi, ẹ̀yin á sì dúró lẹ́yìn wọn, ẹ̀ ń bá wọn jà nítorí nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń bọ̀ níbí, kí ẹ tó jí, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo ki ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi bọ ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni mo ṣe dágbére fún wọn, torí wọn ò sí láti gbọ́.

Fọ́tò wọn tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n wọ táì, ọrùn wọn le gan-an bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí kóòtù. Ìyẹn kọ́ ni bàbá mi. Ojú mẹ́rin yẹn ni bàbá mi, ẹ sì ti fi hóró oògùn nu ọ̀kan.

Ta ló ń bọ̀ wá wo ilé? Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Èèyàn kì í ṣàdédé máa fọ púùlù tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀. Ṣé ẹnì kan fẹ́ rà á ni? Àbí ẹ kàn ti ń nu bàbá mi kúrò nínú ilé díẹ̀díẹ̀, kí n tó dé?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹrin

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mi ò tíì rí èsì. Mo ń sáré wo àpótí lẹ́tà ní ìsàlẹ̀ lẹ́nu ilé ìfọṣọ tí yàrá mi wà lókè rẹ̀, ìwé iná àti ìwé ìpolówó nìkan ló ń bá mi. Ṣé ara yín yá? Ṣé orúnkún náà ni?

Ọ̀rọ̀ tí mo fi parí lẹ́tà ọjọ́ yẹn kò dára. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe ń lẹ̀ ẹ́ pa.

A lọ sí ilé bàbá arúgbó kan lọ́sẹ̀ yìí. Àbàwọ́n irin wà nínú púùlù tirẹ̀ náà, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n yọ ọ́. Mo dúró, mo ń wò ó, mo wá bi bàbá náà pé, "Ẹ̀yin sà, kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?" Ó ní kẹ̀kẹ́ ọmọ òun ni, ó gùn ún wọnú omi, wọ́n wá a fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó yé wọn pé inú omi ló wà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ náà ti lọ́mọ báyìí. "Yọ ọ́, yọ ọ́," ó ní, "àwọn ọmọ-ọmọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé." Mo yọ ọ́. Ó rọrùn fún mi, torí kì í ṣe tèmi.

Mo ti dá a rò. Mi ò lè sọ pé kí ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ẹ bá mi fi ẹyọ kan sílẹ̀, èyí tó bá wù yín. Kẹ́túlù tí mo ń lò níbí ti ní èépá nínú. Mo mọ ohun tó ń ṣí i, mi ò ṣí i.

Ẹ kọ̀wé, bó ṣe ìlà kan.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé ọwọ́ mi. Mo ka àkọ́kọ́, mo ká a, mo fi í sábẹ́ àwo. Bí mo bá fèsì lọ́jọ́ yẹn, ìwé náà ì bá jóná lọ́nà. Èmi ni mò ń nu bàbá rẹ kúrò nínú ilé? Èmi tí mo ṣì ń sùn sí apá kan ibùsùn, tí apá kejì tẹ́ lọ bí pápá? Ẹni tó wà lókèèrè ló ń ríbi rántí. Ẹni tó wà nílé, òun ló ń gbálẹ̀.

O ní ta ló ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ra ilé. Èmi ni mò ń bọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí fèrèsé kò fi hàn ọ́. Ìjà tó o rí yẹn kì í ṣe ìjà. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, bàbá rẹ á ní, "Ìyá Ọmọ, wọlé wá. Àtẹ̀gùn yìí gba èèyàn méjì, mo wọ̀n ọ́n kí n tó mọ ọ́n." Èmi á ní, "Èmi? Nínú omi tí àga yín ti sọ di omi ìpẹtà? Ọjọ́ tí ẹ bá yọ ẹ̀gbin mẹ́rin yẹn kúrò ni màá wọlé." Wọ́n á ní, "Bí mo bá yọ ọ́, wàá wá àwáwí mìíràn." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀rù omi ń bà mí, ojú Aránṣọ lórí ọgbà sì ń tì mí. Wọn ò yọ ọ́, èmi náà ò wọlé. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu wa bí ìrèké, a ò sì fẹ́ kó tán. Wọ́n wá lọ.

Nínú oṣù Kíní, mo dédé bá ara mi létí omi ní ìrọ̀lẹ́ kan, táwẹ̀lì tí mo máa ń nà sí bàbá rẹ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo mú un. Ẹsẹ̀ ló mọ ọ̀nà. Mo dúró, kò sẹ́ni tí mo fẹ́ nà án sí. Mo wá sọ fún ara mi pé ìdúró yìí tó. Mo lọ bá Aránṣọ pé kó rán aṣọ kan fún mi. Ó ní irú aṣọ wo? Mo ní èyí tó bo orúnkún, tí omi ò ní lè gbé sókè. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ibẹ̀ já bọ́. Aṣọ náà ti wà nínú àpótí láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì. Ìdí tí mo fi ní kó o má béèrè nìyẹn. Báwo ni ìyá ṣe máa kọ̀wé sí ọmọ pé òun fẹ́ lọ ṣeré lómi?

Kẹ́míìsì ti ta páálí kejì fún mi. Ó wà lórí fíríìjì, mi ò tíì ṣí i. Ojú mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́: ẹyọ kan ò ní ṣeé fi sílẹ̀. Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé mi ò ní wọlé bí àbàwọ́n wọ̀nyẹn bá wà níbẹ̀, mi ò sì ní yí ọ̀rọ̀ mi padà lẹ́yìn wọn bí ẹni tó ń rẹ́ wọn jẹ. Bó o bá ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, màá fi wọ́n sílẹ̀, màá sì máa dúró létí bí mo ṣe ń dúró. Kò ní jẹ́ ìbínú. Ọmọ wọn ni ọ́, àga bàbá rẹ ni. Sọ èyí tó o fẹ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún

Màmá mi,

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kọ eléyìí, tábìlì mi kúrú, ó bá a mu. Ẹ forí jì mí.

Ẹ yọ wọ́n. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ táwẹ̀lì yẹn, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yín. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wòta láti fèrèsé yẹn, Bàbá ni mò ń wò. Ẹ̀yin kàn ni ẹni tó dúró sójú ìmọ́lẹ̀. Èmi tí ẹ̀ ń pè ní Adákẹ́wòye!

Ẹ fetí sí mi dáadáa o. Bí àbàwọ́n bá ti mọ́, ẹ má da oògùn omi sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pupa náà á padà. Ẹ dúró ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá máa fi í sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má wọlé àfi bó bá mọ́ débi tí ẹ fi ń rí ìlà táìlì ìsàlẹ̀. Ẹ má kọjá àtẹ̀gùn kejì. Kí ìyàwó Aránṣọ dúró tì yín, òun mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Àga oníke ni kí ẹ gbé wọlé, ẹ má gbé onírin.

Ẹ kọ̀wé sọ ibi tí omi dé lára yín fún mi.

Ọmọ yín tó ń wo ọ̀nà.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà

Adákẹ́wòye,

Ó dé àyà mi. Bàbá rẹ ga jù mí lọ, ibi bẹ́líìtì wọn, ibi ọkàn mi ló bọ́ sí.

Mo yọ wọ́n bó o ṣe wí, ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ ni mo lò. Mo dúró, mo fi oògùn sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń rí ìlà táìlì. Mo wọ aṣọ mi. Ìyàwó Aránṣọ dúró tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín kí n tó ṣe nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ pariwo láti òdìkejì pé, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti yí ẹ̀rọ mi kojú sí ògiri!" Mo ní, "Etí rẹ ńkọ́?" Ó ní òun ti yí ìyẹn náà.

Omi tutù. Mo ké. Mo jókòó sórí àga oníke, lójú ibi tí tiwọn máa ń wà gan-an, ṣùgbọ́n mo sún díẹ̀ sápá ọ̀tún. Òótọ́ ni, àtẹ̀gùn náà gba èèyàn méjì. Mo ní, "Bàbá Adákẹ́wòye, mo ti wọlé o." Ìyàwó Aránṣọ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Orúnkún mi kò han mọ́ títí mo fi jáde, ìrọ̀lẹ́ sí ìrọ̀lẹ́ ni mo sì ń wọlé báyìí, bí kò bá sí òjò.

Àga onírin ńkọ́? Mo gbé e sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì létí omi, níbi tí mo máa ń dúró sí, mo sì ń kọ́ táwẹ̀lì mi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Òjò ti ń pa á látìgbà yẹn. Lánàá, mo ní kí n gbé e wọlé, mo wá rí abẹ́ rẹ̀. Ojú mẹ́rin, pupa rúsúrúsú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ilẹ̀. Aránṣọ yọ orí lókè ọgbà, ó ní fítámínì ṣẹ́kù nílé òun. Mo ní kó lò ó, ojú rẹ̀ ti pọ́n jù.

Má kọ oògùn kankan ránṣẹ́. Mo ti dá àga náà padà sójú ibẹ̀, ẹsẹ̀ dé ojú ẹsẹ̀. Bó o bá dé, bọ́ bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà, gbé àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o wá ki ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ bọ ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìyá rẹ, tí irun rẹ̀ ṣì tutù.